Ọ̀fọ̀ Tí Bàbá Mi Kò Tú

Ewúrẹ́ mẹ́ta ló jáde wá pàdé wa láti inú ilé ìdáná wa lọ́jọ́ tí a padà dé Òfíkì. Mo mọ̀ pé mẹ́ta ni wọ́n, nítorí mo kà wọ́n. Nígbà èwe mi, bí àyà mi bá ń já, kíkà ni mo máa ń kà: ewúrẹ́, àga, igi ẹ̀bá ọ̀nà. Àṣà náà kò tíì kúrò lára mi bí mo ti jáde ní yunifásítì tán yìí. Ọ̀kadà méjì ló gbé wa láti Ṣakí. Pàpá jókòó sórí ọ̀kan pẹ̀lú àpótí ìwé rẹ̀. Èmi àti Màmá wà lórí èkejì pẹ̀lú àpò ńlá búlúù kan tí wọ́n fi okùn dì gírígírí. Òjò ti ń lọ sópin, koríko ti ga ju orí ọlọ́kadà lọ, òórùn gbodo, ìyẹn iṣu gbígbẹ, tí wọ́n sá sórí àpáta sì ti ń kàn wá kí a tó rí òrùlé kankan. Mo rò pé gbogbo àdúgbò yóò sáré jáde. Mo ti to ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbé mi sókè àti ẹni tí yóò tẹ̀ lé e lọ́kàn mi. Àwọn ewúrẹ́ yẹn nìkan ló jáde.

Ó yẹ kí n sọ bí a ṣe jẹ́. Tógò ni wọ́n ti bí àwọn òbí mi. Ìjọ tí Pàpá ń bá ṣiṣẹ́ ló rán an wá sí Òfíkì láti wàásù, nígbà tí mo ṣì wà lẹ́yìn Màmá. Lójú àwọn ẹbí wa, ìlú òkèèrè ni Òfíkì, ibi tí wọ́n ń gbàdúrà fún wa sí. Lójú tèmi, òun ni ilé. Èdè ibẹ̀ ni mo fi ń jà, òun ni mo sì fi ń lá àlá. Ẹni tó fún wa ní ilẹ̀ tí a kọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì sí ni Bàbá Mulikátù, àgbẹ̀ oníṣu tí agbo ilé rẹ̀ wà níwájú tiwa gan-an. Mùsùlùmí ni, kò sì wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa rí, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé àlejò òun ni Pásítọ̀, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án fọwọ́ kan òun. Nígbà tí ìròyìn dé pé ara bàbá Pàpá kò yá, Pàpá sọ fún ìjọ pé òun yóò lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àìsàn náà pẹ́. Bàbá àgbà kú, a sin ín, ọ̀rọ̀ ẹbí tún dá wa dúró, lẹ́yìn náà wọ́n ti ẹnu ibodè. Oṣù méje gbáko ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà dà.

Ikán ti jẹ ìdajì ìwé orin wa. Ó jẹ wọ́n pẹ̀lú sùúrù, ó fi ẹ̀yìn ìwé sílẹ̀ ní pípé, tó fi jẹ́ pé ìgbà tí Pàpá ṣí wọn ló tó rí i pé erùpẹ̀ ló kù nínú wọn. Màmá gbá ìgbẹ́ ewúrẹ́ kúrò ní ilé ìdáná, ó po ìgbẹ́ màlúù mọ́ amọ̀, ó sì fi ra ilẹ̀ àti ara ògiri títí ilẹ̀ fi ń dán. Èmi ni mo ń pọn omi. Ìyá Débórà, olórí àwọn obìnrin ìjọ, tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, mú un wá lọ́jọ́ kejì. Ó ní ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ìrìn, ó bi wá bóyá ọ̀nà dára. Ó wo irun orí Màmá tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ nítorí òkú náà, ó wo aṣọ dúdú pélébé tí Pàpá so mọ́ apá. Lẹ́yìn náà ó ní òun fi iná sílẹ̀ nídìí ìkòkò, ó sì lọ. Ṣáájú ìrìn àjò náà, bí Ìyá Débórà bá jókòó sílé wa, àfi kí Màmá fi ọgbọ́n rán an létí pé ilẹ̀ ń ṣú.

Gbogbo wọn ló ń kí wa bẹ́ẹ̀. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹnikẹ́ni ṣe wá ní ibi, nítorí ẹnì kankan kò ṣe é. Wọ́n ń dáhùn ìkíni, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n kí a tó lọ, a kì í ra iṣu. A máa ń jí bá a lẹ́nu ọ̀nà, méjì tàbí mẹ́ta, pẹ̀lú erùpẹ̀ lára, a kì í sì í mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀. Lẹ́yìn tí a dé, mo ń ṣílẹ̀kùn láràárọ̀, mo ń wo ibẹ̀. Eruku ni mo ń bá, àti ipa ẹsẹ̀ àwọn ẹyẹ awó tí Bàbá Mulikátù ń sìn. Àwọn awó yẹn ló ń jí wa, pẹ̀lú igbe wọn tó dà bí ìlẹ̀kùn tí kò ní òróró. Lẹ́yìn wọn ni ìpè ìrun, lẹ́yìn náà ni ọmọ odó tí wọ́n fi ń gún gbodo ní agbo ilé iwájú. Gbogbo ìró náà wà ní pípé bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Ohun tó dín ni ìró ẹsẹ̀ tó ń bọ̀ wá sílé wa.

Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, Pàpá fúnra rẹ̀ ló lu agogo. Irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan ni, tí wọ́n so mọ́ igi irúgbá iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ńṣì mẹ́rìnlá la ní. Mẹ́fà ló ní ènìyàn lórí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, márùn-ún. Pàpá wàásù bí ẹni pé mẹ́rìnlá ló kún. Nígbà tí a délé, ó jẹ àkúmẹ̀, ìyẹn oúnjẹ àgbàdo tí wọ́n ń rò ní ìlú wọn. Ó wá sọ fún Màmá ní èdè wọn, ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ tí mo kórìíra láti gbọ́, pé òun sin bàbá òun, òun padà wá bá àwọn ènìyàn tí òun pè ní tòun, kò sì sí ẹnì kan tó lè la ẹnu sọ pé ẹ kú ọ̀fọ̀. Màmá ní bóyá wọn kò gbọ́. Pàpá ní wọ́n gbọ́. Oníṣòwò aṣọ kan láti Ìlúà, tó ń ná ọjà Lomé, ló kọ́kọ́ mú ìròyìn ikú náà wá sí Òfíkì. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún Pàpá pé gbogbo Òfíkì ti mọ̀. Mo ṣàkíyèsí pé Màmá kò tíì tú ẹrù inú àpò búlúù náà sílẹ̀. Bí ó bá fẹ́ mú aṣọ, yóò tú okùn, yóò mú un, yóò sì tún okùn náà dì bí ẹni tó ń lọ lọ́la.

Lẹ́tà Alábòójútó dé láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Alábòójútó ni olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ wa ní agbègbè náà, Ìṣẹ́yìn ló ń gbé. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ṣòro: oṣù méje ti pọ̀ jù, òun yóò wá nígbà tí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, òun yóò bi ìjọ lójú gbogbo wa bóyá wọ́n ṣì fẹ́ òṣìṣẹ́ yìí. Bí wọn kò bá fẹ́, wọn yóò gbé wa kúrò. Lónìí, mo rí i pé ohun tó bọ́gbọ́n mu ló béèrè. Èmi náà ì bá béèrè rẹ̀. Ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, ohun tí mo gbọ́ ni pé wọn yóò lé mi kúrò nílé. Láti ọjọ́ náà lọ ni mo ti ń ka ewé tó ń já lára igi òrí ẹ̀yìnkùlé, torí mo ti gbọ́ pé ọyẹ́ ló ń já wọn.

Bí a bá ti ilé ìwé dé, mo máa ń lọ sí agbo ilé Bàbá Mulikátù láti bá wọn bó ẹ̀gúsí. Ìyá Mulikátù, ìyáálé ilé náà, máa ń jókòó sórí àpótí kékeré, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nà sí iwájú, igbá láàárín wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wo igbá mi, ó ní, "Afí, ilẹ̀ igbá rẹ ṣì ń wò mí. Ṣé Tógò lo ti lọ kọ́ ọ̀lẹ ni?"

Ìyàwó kékeré ilé náà dá a lóhùn kí n tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ìyáálé mi. Èdè Faransé ló fi ń bó o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, nítorí ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá ń fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́ ní agbo ilé yẹn, ọmọ ilé ni. Bóyá adùn náà ló jẹ́ kí n gbàgbé ara mi. Ìyàwó kékeré béèrè bóyá Pásítọ̀ ń jẹun dáadáa, ó ní ó ti gbẹ. Mo ní inú Pàpá bàjẹ́ nítorí pé ẹnì kankan kò wá kí i kú ọ̀fọ̀.

Ọwọ́ gbogbo wọn dúró. Ìyá Mulikátù gbé igbá kúrò láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ọ̀fọ̀ wo?" ni ó wí. "Ta ló túfọ̀ fún wa?"

Mo ní ṣebí wọ́n ti gbọ́.

"A gbọ́. Ẹnu oníṣòwò la ti gbọ́, bí ẹni gbọ́ pé epo wọ́n. A ò gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ. Bàbá rẹ gba iwájú wa kọjá pẹ̀lú aṣọ dúdú lápá, ó ní ẹ kú ilé, ó wọlé lọ. Bàbá Mulikátù kò lọ oko lọ́jọ́ kejì yẹn, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí oòrùn fi kanrí, ó ń dúró kí àlejò rẹ̀ wá sọ fún un pé ilé òun ti wó. Kò wá. Ẹni tó bá fi òkú bàbá rẹ̀ pamọ́ fún wa, kí la jẹ́ sí i?" Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára aṣọ rẹ̀. "A kì í kí ènìyàn kú ọ̀fọ̀ tí kò tú, Afí. Àfi bí a bá fẹ́ bú u."

Mo béèrè bóyá kí n sọ fún Pàpá. Ó ní ọmọdé kì í jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, òun kò sì rán mi. Ó gbé igbá rẹ̀ padà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá ẹ̀gúsí sọ̀rọ̀ pé bí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ni dákẹ́. Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà lọ́pọ̀ ìgbà. N kò lè sọ dájú bóyá Pàpá ló ń bá wí, tàbí ọkọ rẹ̀, tàbí èmi. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà kiri. Ìṣirò mi nìyí: bí mo bá sọ ọ́, mo ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọn kò rán mi, Ìyá Mulikátù lè má fẹ́ mi mọ́. Bí n kò bá sọ ọ́, Alábòójútó yóò dé bá bẹ́ńṣì márùn-ún. N kò tíì rí èyí tó kéré nínú méjèèjì nígbà tí mo rí bébà kan lórí tábìlì Pàpá, tí ó fi ìwé orin tí ikán jẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́tà sí Alábòójútó ni. Ìlà méjì péré ló tíì kọ. Ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má wulẹ̀ bi ìjọ léèrè mọ́, kí wọ́n gbé òun lọ sí ibòmíràn, nítorí òun kò fẹ́ kí wọ́n fi ojú ti ìyàwó àti ọmọ òun ní gbangba.

Mo bá a nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kan ìṣó mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì tó yẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan láìmí. Kò bínú. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní rárá, kì í ṣe bí mo ṣe rò ó, kí n sọ ọ́ bí ìyá náà ṣe sọ ọ́ gan-an, ní Yorùbá. Nígbà tí mo dé ibi tí Bàbá Mulikátù ti jókòó títí oòrùn fi kanrí, ó gbé òòlù sílẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì tí kò tíì kàn tán, bẹ́ńṣì náà sì dà á sílẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá rẹ́rìn-ín. Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo ìṣó ọwọ́ rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi nígbà tí mo dàgbà pé ní ilé tiwọn, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í gbé òkú rẹ̀ kiri ilé onílé. Yóò jókòó, àwọn tó bá fẹ́ràn rẹ̀ yóò wá. N kò mọ̀ bóyá gbogbo ènìyàn rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ tàbí ilé bàbá rẹ̀ nìkan. Ohun tó dájú ni pé àwọn ọkùnrin méjì jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn lọ́jọ́ kan náà, ọ̀nà kan ṣoṣo láàárín wọn, tí oníkálukú ń dúró de èkejì.

Màmá kò fara mọ́ ọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní òkú tó ti lé ní oṣù márùn-ún nílẹ̀, ẹnu wo ni ènìyàn yóò fi gbé e dìde, wọn yóò ní ìbẹ̀rù Alábòójútó ló lé wa wá. Pàpá gbà pé wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Wọn ò ní purọ́ bí wọ́n bá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi kú. Ìyẹn náà kì í ṣe irọ́."

A lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí àwọn ará ibẹ̀ tó mú ọ̀nà oko. Àwọn awó ṣì wà lórí igi. Bàbá Mulikátù ń kan ọkọ́ rẹ̀ mọ́ èèkù ní ẹnu ọ̀nà. N kò rí Pàpá kó dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó kàn máa ń tẹríba díẹ̀ ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wọn. Lọ́jọ́ yẹn ó na gbọọrọ sílẹ̀, àyà rẹ̀ kan erùpẹ̀. Ó ní, "Bàbá, mo wá túfọ̀ fún yín. Bàbá tó bí mi ti kú."

Bàbá Mulikátù kò sọ pé òun ti gbọ́. Òun ni mo ń wò, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà mí jù. Bó bá sọ pé òun ti gbọ́, gbogbo rẹ̀ ti parí. Ó gbé ọkọ́ náà kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó béèrè pé, "Kí ló ṣe é?"

Pàpá ní àìsàn ni, ó ní ìgbà àgbàdo tuntun ni, ó ní òun pẹ́ kí òun tó wá sọ, kí wọ́n má bínú.

"Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í tọrọ àforíjì," ni Bàbá Mulikátù wí. Ó na ọwọ́ sí i, ó fà á dìde, kò sì jọ̀wọ́ ọwọ́ náà. Ó yíjú sínú agbo ilé, ó pe ìyáálé rẹ̀, ó ní kó jáde wá, bàbá Pásítọ̀ àwọn ti kú.

Ìyá Mulikátù figbe ta. Ó káwọ́ lérí, ó ń pe bàbá àgbà mi tí kò rí rí ní bàbá òun. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá láìwò mí, ó dì mọ́ Màmá. Àwọn obìnrin ilé náà gba igbe náà lẹ́nu rẹ̀, ilé kejì gbọ́, ilé kẹta jáde. Ó ti lé ní oṣù márùn-ún tí bàbá àgbà ti wà nínú ilẹ̀. Mo mọ̀, wọ́n mọ̀, wọ́n sì mọ̀ pé mo mọ̀. Síbẹ̀ n kò rí ẹkún kan níbẹ̀ tí mo lè pè ní ẹ̀tàn. Pàpá kò sunkún ní Tógò. Òun ni àkọ́bí, òun ló ń ṣètò. Ẹnu ọ̀nà Bàbá Mulikátù ló ti sunkún, ọwọ́ rẹ̀ nínú ọwọ́ onílẹ̀ náà, ariwo ẹkún rẹ̀ sì ga tó fi jẹ́ pé àwọn awó fò kúrò lórí igi.

Ẹnikẹ́ni kò lọ oko lọ́jọ́ náà ní agbo ilé iwájú. Ìyá Débórà dé kí oòrùn tó le, ó jókòó, kò dìde àfi ìgbà tí ilẹ̀ ṣú.

Ọyẹ́ dé, Alábòójútó náà dé. Bẹ́ńṣì mẹ́rìnlá kún, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lórí èyí tó wà níwájú pátápátá, Bàbá Mulikátù jókòó pẹ̀lú fìlà funfun rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú ilé náà nìyẹn, ìgbà ìkẹyìn rẹ̀ náà sì ni títí di òní. Alábòójútó ṣàlàyé ìdí tí òun fi wá, ó sì béèrè ìbéèrè rẹ̀. Bàbá Mulikátù ló dìde kí ẹnikẹ́ni tó dìde. Ó ní òun kì í ṣe ọmọ ìjọ, kí wọ́n má bínú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àlejò òun ni wọ́n ń sọ. Ó ní, "Ọ̀fọ̀ ṣẹ ọkùnrin yìí. Ọjọ́ kọkàndínlógún rèé. Nílẹ̀ tiwa níbí, a kì í bi ẹni tí òkú rẹ̀ kò tíì pé ogójì ọjọ́ pé níbo ló ń lọ."

Alábòójútó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà tí ikú náà ṣẹlẹ̀ gan-an wà nínú rẹ̀, Pàpá ló kọ ọ́ sí i. Ó la ẹnu. Ìyá Débórà wúkọ́, ikọ́ gígùn kan tí kò ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ nínú. Alábòójútó wo bẹ́ńṣì mẹ́rìnlá náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó sì pa ìwé dé. Ó ní kò burú, òun yóò padà wá lẹ́yìn ogójì.

Ní ọjọ́ kọkànlélógójì, mo ṣílẹ̀kùn ní òwúrọ̀, mo bá agbọ̀n iṣu lẹ́nu ọ̀nà. Iṣu ti ń wá tipẹ́ nígbà náà, kò jẹ́ tuntun mọ́. Àmọ́ àwọn wọ̀nyí kéré, ojú wọn sì ti ń yọ. Bàbá Mulikátù fúnra rẹ̀ ló dúró tì wọ́n, ọkọ́ lórí èjìká. Ó sọ fún Màmá tó tẹ̀ lé mi jáde pé, "Ìyá Afí, ẹ má se é o. Èbù ni. Mo ti fi ebè ọgọ́ta sílẹ̀ fún yín lẹ́yìn ilé."

N kò mọ̀ bóyá ìfẹ́ ni tàbí àṣà, n kò sì gbà mọ́ pé ó di dandan kí n ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ohun tí mo lè jẹ́rìí sí ni pé iṣu tí wọ́n bá gbìn nínú ọyẹ́, ó di òjò tó ń bọ̀ kí wọ́n tó wà á. Màmá dúró wo agbọ̀n náà títí. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó da gbogbo aṣọ inú àpò búlúù sórí ibùsùn, ó kó èbù sínú àpò náà, pẹ̀lú erùpẹ̀ wọn, ó sì gbé e lérí lọ sí ẹ̀yìn ilé.